MÍSÌ LOTTIE MOON: OBÌNRIN TÍ Ó FI KÉRÉSÌMESÌ RẸ̀ SIN OLÚWA NÍ ILẸ̀ ṢÁÍNÀ

Nínú ìwé àjọ̀dún bí irú èyí, ìtàn àwọn tí ó ti sáré ìje ìgbàgbọ́ ṣáájú wa ni a sábà máa ń kà. Ti àwọn tí a bí láàárín wa kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni mọ́. Èyí tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí jẹ́ ti obìnrin òyìnbó kan, ará Amẹ́ríkà, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, tí kò fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ Yorùbá rí títí ó fi kú. Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ kà á. Ọrẹ Kérésìmesì tí a dá sílẹ̀ nítorí lẹ́tà kan tí ó kọ ti wọ ilẹ̀ tiwa náà, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó sì ti jẹ nínú àǹfààní rẹ̀ láì mọ ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá.

A bí Charlotte Digges Moon, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Lottie, ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1840 ní àgbègbè Albemarle, ìpínlẹ̀ Virginia, ní ìhà gúúsù ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Olówó ni bàbá rẹ̀, Edward Moon. Oko ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Viewmont ni wọ́n ń gbé. Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ bí ó ti rí, kí a má fi ohunkóhun bò: ẹrú ni ó ń ṣiṣẹ́ oko náà, wọ́n lé ní 50, ènìyàn dúdú bí tiwa, tí a kó àwọn baba ńlá wọn kọjá òkun. Inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni a ti tọ́ ọ dàgbà. Àní ẹgbẹ́ Onítẹ̀bọmi ti Gúúsù tí ó rán an níṣẹ́ nígbẹ̀yìn, lórí ọ̀ràn ẹrú náà ni wọ́n fi ya kúrò lára àwọn ará Àríwá ní ọdún 1845, nígbà tí àwọn ará Àríwá kọ̀ láti rán ẹni tí ó bá ní ẹrú jáde gẹ́gẹ́ bí ajíhìnrere. Kò sì ju ọdún márùn-ún lọ lẹ́yìn náà, ní 1850, tí Thomas Jefferson Bowen tí ìgbìmọ̀ wọn ní Richmond rán jáde fi gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, tí ó wá wàásù fún àwa tí a jẹ́ ẹ̀yà àwọn tí wọ́n ń tà lọ́jà lọ́hùn-ún. Ẹni tí ó bá lè ṣàlàyé èyí kí ó ṣàlàyé rẹ̀. Èmi kò lè ṣe é, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kò yẹ kí a fò ó nínú ìtàn ẹnikẹ́ni tí ó bá ti inú ilé bẹ́ẹ̀ jáde wá.

Bàbá rẹ̀ kú ní 1853 nígbà tí Lottie kò tíì pé ọmọ ọdún 13. Ìyá wọn ni ó tọ́ wọn, onígbàgbọ́ gidi ni, kò sì fi ẹ̀kọ́ du àwọn ọmọbìnrin rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ayé ìgbà náà kò ka ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin sí nǹkan. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan, Orianna, kàwé di dókítà oníṣègùn, ó sì wà lára àwọn obìnrin àkọ́kọ́ tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìhà gúúsù ilẹ̀ wọn. Lottie ní tirẹ̀ ní orí èdè púpọ̀. Ó gbọ́ Látìn, ó gbọ́ Gíríìkì, Faransé, Ítálì àti Sípéènì, ní 1861 ó sì gba oyè ìwé gíga tí àwọn obìnrin tí ó tíì gbà á ní gúúsù nígbà náà kò ju díẹ̀ lọ. Ènìyàn kúkúrú ni. Gíga rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà 4 àti íǹsì 3 lọ. Ẹ wo ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lójú, bí ó ti ga mọ ni ìyẹn.

Ìgbàgbọ́ ńkọ́? Kò ní in nígbà èwe. Ńṣe ni ó ń fi àwọn olùfọkànsìn ṣẹ̀sín ní ilé ẹ̀kọ́, oníyẹ̀yẹ́ ọmọ ni, òun ni ẹ̀rín máa ń bẹ́ sí lẹ́nu nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń lọ sí ìpàdé àdúrà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1858, oníwàásù kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ John Broadus ṣe ìsọjí ní Charlottesville. Wọ́n ní ńṣe ni Lottie lọ síbẹ̀ láti lọ wá ohun tí yóò fi ṣe ẹ̀sín, ṣùgbọ́n nígbà tí ó padà dé yàrá rẹ̀, àdúrà ni ó fi òru náà gbà títí ilẹ̀ fi mọ́. Ṣé ẹ rí i pé ìṣọ́ òru kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa? Ó ṣe ìrìbọmi, ó sì di ọmọ ìjọ. Ẹ fi sọ́kàn pé oṣù Kejìlá ni. Oṣù yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ nǹkan ńlá inú ayé rẹ̀ máa ń bọ́ sí.

Ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà jà láti 1861 di 1865. Ó jẹ ọrọ̀ ilé wọn run, ó sì fọ́ ìdè ẹrú. Lottie di olùkọ́ kí ó tó lè jẹun. Ó kọ́ni ní Kentucky, lẹ́yìn náà òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Anna Safford, ṣí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀ ní Cartersville, ìpínlẹ̀ Georgia, ní 1871. Ibẹ̀ ni ó wà tí àbúrò rẹ̀ Edmonia fi lọ sí Ṣáínà ní 1872. Ìgbìmọ̀ Àjíhìnrere Ilẹ̀ Òkèèrè tí ó wà ní Richmond ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbà kí obìnrin tí kò lọ́kọ jáde lọ ni, nítorí tẹ́lẹ̀, àfi ìyàwó míṣọ́nnárì. Ní oṣù Keje ọdún 1873 wọ́n yan Lottie náà. Ọmọ ọdún 32 ni. Ó wọkọ̀ òkun ní San Francisco, ó sì gúnlẹ̀ sí Shanghai ní oṣù Kẹwàá. Láti ibẹ̀ ni ó ti lọ sí Tengchow, ìlú etíkun kan ní ìpínlẹ̀ Shandong tí wọ́n ń pè ní Penglai lóde òní. Níbẹ̀ ni ó ti ṣe Kérésìmesì 1873, èyí àkọ́kọ́ nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ tí yóò ṣe lẹ́yìn odi.

N kò ní í purọ́ fún yín pé ó dé tán tí ó sì fẹ́ràn wọn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ojú tí òyìnbó ìgbà náà fi ń wo aláwọ̀ mìíràn ni òun náà kọ́kọ́ fi wò wọ́n. Oúnjẹ wọn kò bá a lára mu, ìdọ̀tí ìgboro ń rí i lára, àwọn ọmọdé sì ń sá tẹ̀ lé e lójú pópó, wọ́n ń pè é ní èṣù àjèjì. Otútù ibẹ̀ kì í ṣe otútù ọyẹ́ tiwa yìí o, yìnyín ni ó ń bò ilẹ̀. Ara Edmonia àti ọkàn rẹ̀ kò gbà á, ó ṣàìsàn títí, ní 1876 sì ni Lottie gbé e padà lọ sílé. Ẹlòmíràn ì bá ti dúró sílé tirẹ̀ náà. Kò dúró. Ní ìparí ọdún 1877 ó ti tún padà sí Tengchow, ní 1878 ó sì ṣí ilé ẹ̀kọ́ kan fún àwọn ọmọbìnrin.

Ilé ẹ̀kọ́ náà dára, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ sí i. Ó rí i pé òun kàn ń kọ́ ogójì ọmọ nígbà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún abúlé wà ní ẹ̀yìn odi tí kò sẹ́ni tí ó dé ibẹ̀. Ó tún rí i pé àwọn ọkùnrin ìgbìmọ̀ fẹ́ máa fi obìnrin sí ẹ̀yìn. Ní 1885, nígbà tí òfin kan fẹ́ jáde tí kò ní í jẹ́ kí obìnrin míṣọ́nnárì dìbò ní ìpàdé, Lottie kọ̀wé sí wọn pé bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n gba ìwé ìfisẹ́sílẹ̀ òun. Wọ́n rọ̀ ọ́. Àwọn tí ó ń sọ pé obìnrin oníwà tútù ni Lottie Moon, tí kì í gbin, n kò rò pé wọ́n ka lẹ́tà rẹ̀. Obìnrin tí ó dákẹ́ kò lè ṣe ohun tí ó ṣe.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1885 yìí kan náà ni ó dìde, òun nìkan, ó kọrí sí Pingtu, ìlú kan ní inú lọ́hùn-ún. Ìrìn náà tó ọjọ́ mẹ́rin. Ohun tí wọ́n ń wọ̀ nígbà náà ni àpótí bí ibùsùn tí a fi ọ̀pá gígùn méjì gbé kọ́ ẹ̀yìn ìbaaka méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Bí ìbaaka bá ti ń tàsé ni àpótí ń mì, tí egungun ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ ń mì pẹ̀lú. Ọmọ ọdún 45 ni ó pé ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ yẹn. Ó háyà ilé kékeré kan tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ erùpẹ̀, ó sì ń sùn lórí ibùsùn bíríkì tí àwọn ará ibẹ̀ máa ń dáná sí lábẹ́ kí ó lè móoru. Kò sí míṣọ́nnárì kejì tí ó bá a gbé ibẹ̀. Ẹni tí yóò bá a sọ èdè òyìnbó kò sí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe Kérésìmesì rí ní ìlú tí kì í ṣe tiyín, bóyá ní Lọ́ńdọ̀n tàbí ní ilẹ̀ Jámánì, ẹ ó mọ bí ó ti ń rí. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiyín, agogo ń lù, orin Kérésìmesì wà lórí rédíò, ẹlòmíràn tilẹ̀ ń ṣọdún pẹ̀lú yín bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n. Ní Pingtu, ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá kò yàtọ̀ sí ọjọ́ 24. Ọjà ń ná, àgbẹ̀ ń lọ, ọmọ ń sunkún. Ọdún tí àwọn ará Ṣáínà mọ̀ ni ọdún tuntun wọn tí wọ́n fi òṣùpá kà, tí ó máa ń bọ́ sí oṣù Kìíní tàbí Kejì tiwa. Nígbà náà ni wọ́n ń san gbèsè, tí wọ́n ń lẹ bébà pupa mọ́ ẹnu ọ̀nà, tí ẹbí ń kóra jọ jẹun. Kérésìmesì kò kàn wọ́n. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe é, inú ọkàn rẹ̀ ni yóò ti ṣe é.

Kí ni ó wá ṣe? Kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwàásù. Ó dáná, ó sì se bísíkíìtì bí wọ́n ti ń ṣe é ní ilé wọn ní Virginia. Òórùn rẹ̀ ta síta. Ìyá kì í jẹ́ kí ọmọ gba nǹkan lọ́wọ́ àjèjì, ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ó lè jẹ́ májèlé, ṣùgbọ́n ọmọdé ni ọmọdé ń jẹ́. Ọ̀kan tọ́ ọ wò, òmíràn tọ́ ọ wò, kò pẹ́ ilé rẹ̀ kún. Láti ọwọ́ ọmọ ni ó ti dé ọ̀dọ̀ ìyá. Àwọn tí ó ń pè é ní èṣù tẹ́lẹ̀ wá ń fi bísíkíìtì pe orúkọ rẹ̀. Ó bọ́ aṣọ òyìnbó sílẹ̀, ó wọ ẹ̀wù gígùn oníhóró òwú tí àwọn obìnrin ibẹ̀ ń wọ̀. Nítorí òtútù ni ó kọ́kọ́ fi wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ó wọ̀ ọ́ tán, ó rí i pé àwọn ènìyàn túbọ̀ ń sún mọ́ òun. Ó ń jẹ oúnjẹ wọn, ó ń sọ èdè wọn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń yà wọ́n lẹ́nu. Ìgbà tí ó wá gbé láàárín wọn ni ojú tí ó fi ń wò wọ́n yí padà, tí ó ń bá àwọn ará ilé rẹ̀ jà nínú lẹ́tà pé kí wọ́n yé fi orúkọ ẹ̀gàn pe àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Ní Èkó níhìn-ín, ó tó ọdún 1894 kí ọ̀gbẹ́ni D. B. Vincent tó bọ́ orúkọ òyìnbó sọ nù tí ó di Mojola Agbebi, tí ó ń wọ aṣọ ilẹ̀ wa lọ sórí àga ìwàásù. Ẹnì kan kò rán èkejì níṣẹ́, òkun wà láàárín wọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n jọ ń sọ.

Àwọn obìnrin ni ó lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ́, gẹ́gẹ́ bí òfin ìjọ rẹ̀. Ó ń lọ láti abúlé dé abúlé, ó ń jókòó sí àgbàlá, ó ń kọ́ ìyá àti ọmọ ní ìwé àti ní ọ̀rọ̀ Ọlọ́run títí ohùn rẹ̀ yóò fi há. Àwọn ọkùnrin á wá dúró sí ẹ̀yìn, wọn á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń gbọ́. Ní 1887 àwọn ọkùnrin kan wá láti Shaling, abúlé kan ní àgbègbè Pingtu, wọ́n ní àwọn ń wá ẹni tí yóò kọ́ àwọn ní ẹ̀kọ́ tuntun yìí. Ó ti yẹ kí ó lọ sinmi ní Amẹ́ríkà nígbà náà, ara rẹ̀ ti ń ṣe é. Ó sún ìsinmi síwájú, ó tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí ó tó àkókò ìrìbọmi, ó ránṣẹ́ pe ọkùnrin tí ó gba oyè àlùfáà, ní 1889 wọ́n sì dá ìjọ sílẹ̀ ní Shaling. Inúnibíni tẹ̀ lé e ní 1890. Wọ́n lu àwọn onígbàgbọ́, àwọn ẹbí ni ó sì ń lù wọ́n. Mísì Moon sáré lọ síbẹ̀, ó dúró tì wọ́n, ó sì rọ̀ wọ́n kí wọ́n fara dà á, kí wọ́n má ké pe agbára ìjọba ilẹ̀ òkèèrè sí ọ̀ràn náà. Ọkùnrin kan tí ó mọ̀wé Ṣáínà dáadáa, Li Shouting, wà lára àwọn tí àwọn arákùnrin rẹ̀ fìyà jẹ. Ó ṣe ìrìbọmi lọ́dún náà, ó sì padà di oníwàásù tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ní gbogbo agbègbè náà.

A wá kan ọ̀rọ̀ lẹ́tà tí mo sọ níṣàájú. Iṣẹ́ pọ̀, òun nìkan ni, àwọn tí ó bẹ̀ pé kí wọ́n wá ràn án lọ́wọ́ kò wá. Ìgbìmọ̀ ní Richmond ní kò sí owó. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1887 ó jókòó, ó kọ̀wé sí ìwé ìròyìn ìgbìmọ̀ náà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní oṣù Kejìlá. Ohun tí ó sọ kò ṣòro láti yé ni. Ó ní àwọn obìnrin Mẹ́tọ́díìsì ti Gúúsù ti ya ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú Kérésìmesì sọ́tọ̀ fún àdúrà àti ọrẹ, kí ni ó dé tí àwọn obìnrin Onítẹ̀bọmi kò lè ṣe é? Àkókò tí ẹbí àti ọ̀rẹ́ ń fún ara wọn ní ẹ̀bùn nítorí ọmọ tí a bí, kì í ṣe àkókò tí ó yẹ kí a fi ti iṣẹ́ ẹni tí ó ni ọjọ́ ìbí náà sílẹ̀. Ó fi kún un pé kí wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láàárín ara wọn.

Wọ́n gbọ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1888 àwọn obìnrin náà pàdé ní Richmond, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin àjíhìnrere sílẹ̀. Ibi tí wọ́n ti pàdé dùn mọ́ mi láti sọ: yàrá abẹ́ ilẹ̀ ilé ìjọsìn Mẹ́tọ́díìsì ni. Àwọn ọkùnrin Onítẹ̀bọmi ń ṣe àpéjọ tiwọn lọ́wọ́ nínú ìlú kan náà, bẹ́ẹ̀ láti 1885 ni wọ́n ti sọ pé obìnrin kò lè jókòó gẹ́gẹ́ bí aṣojú níbẹ̀. Annie Armstrong ti ìlú Baltimore ni wọ́n yàn ní akọ̀wé. Òun ni ó kọ̀wé káàkiri sí àwọn ẹgbẹ́ obìnrin nínú ìjọ gbogbo, ó ní kí wọ́n dá owó Kérésìmesì tí yóò tó dọ́là 2,000, kí a lè fi rán obìnrin méjì sí Mísì Moon. Nígbà tí wọ́n kà á tán, ó lé ní dọ́là 3,315. Wọ́n rán mẹ́ta. Àwọn obìnrin tí a kò jẹ́ kí wọ́n jókòó ní àpéjọ ni ó ṣe èyí o, láti inú owó ẹyin adìẹ, owó bọ́tà àti owó oúnjẹ ilé. Ní ọdún 1888 yìí kan náà ni àwọn Onítẹ̀bọmi Èkó ń bá míṣọ́nnárì Amẹ́ríkà ṣe gbọ́nmi-si-omi-ò-to, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jáde lọ dá ìjọ tiwọn sílẹ̀. A kò gbọdọ̀ rò pé gbogbo nǹkan ń lọ déédéé níbi gbogbo tí owó ìgbìmọ̀ náà dé.

Ẹni àkọ́kọ́ nínú àwọn olùrànlọ́wọ́ náà, Mísì Fannie Knight, dé ní 1889. Ní 1891 ni Mísì Moon wá tó lọ sinmi nílé. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́ ní 1893. Ogun Jàpáànì àti Ṣáínà jà ní 1894 sí 1895, kò kúrò. Nígbà tí ẹgbẹ́ tí òyìnbó ń pè ní Boxers dìde ní 1900, tí wọ́n ń pa àjèjì àti onígbàgbọ́ ará Ṣáínà, àwọn aláṣẹ ní kí gbogbo wọn kúrò. Ó lọ sí Fukuoka ní ilẹ̀ Jàpáànì, ó sì rí iṣẹ́ olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣe níbẹ̀. Ìlú àjèjì ni Ṣáínà jẹ́ fún un tẹ́lẹ̀, ní Kérésìmesì ọdún yẹn ó wá di ìsáǹsá kúrò nínú ìlú àjèjì lọ sínú òmíràn, ọkàn rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ àwọn ará Shaling tí kò ní ọkọ̀ tí yóò gbé wọn sá lọ. Ní 1901 ó padà sọ́dọ̀ wọn. Ó tún lọ sílé lẹ́ẹ̀kan sí i láti 1902 sí 1904, ìyẹn sì ni ìgbà ìkẹyìn tí ojú rẹ̀ rí Virginia.

Ìgbà ogbó rẹ̀, Tengchow ni ó wà. Ó ń bójú tó ilé ẹ̀kọ́, ó ń gbàlejò, ó ń kọ́ àwọn míṣọ́nnárì tuntun bí wọn yóò ti máa bá ará ibẹ̀ gbé. Ní 1911 ni ọ̀tẹ̀ tí ó wó ìjọba ọba Ṣáínà bẹ̀rẹ̀. Ìjà dé ìlú Hwanghsien, àwọn òyìnbó sì kúrò níbẹ̀ lọ sí ibi ààbò. Ìyá àgbàlagbà yìí, ẹni ọdún 71, ni ó gbọ̀nà ibẹ̀ lọ, tí ó dúró ti àwọn òṣìṣẹ́ ará Ṣáínà ní ilé ìwòsàn ìjọ, tí wọ́n jọ ń tọ́jú àwọn tí ó gbọgbẹ́ títí dókítà fi padà dé. Ìyàn ti mú, àjàkálẹ̀ àrùn ti jà. Ó ń bẹ ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n fi owó ránṣẹ́ fún àwọn tí ebi ń pa, ṣùgbọ́n gbèsè ti wọ ìgbìmọ̀ lọ́rùn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó oṣù tirẹ̀ àti ìwọ̀nba tí ó kó pamọ́ ṣe é. Àwọn tí ó wá síwájú ilé rẹ̀, kò lè wò wọ́n níran.

Nígbà tí 1912 ń parí lọ, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé ó ti rù kọjá bẹ́ẹ̀. Kò jẹun mọ́. Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti pín sí méjì. Ìtàn tí ọ̀pọ̀ ìjọ ń sọ láti ìgbà náà ni pé ńṣe ni ó fi oúnjẹ tirẹ̀ bọ́ àwọn ará Ṣáínà títí ebi fi pa á. Àwọn tí ó yẹ ìwé rẹ̀ wò ní àìpẹ́ yìí sọ pé àìsàn wà nínú rẹ̀, ti ara àti ti ọkàn, àti pé lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n bu iyọ̀ sí ìtàn náà. Mo rò pé ó yẹ kí a gbọ́ tiwọn. Àwa tí a mọ ààwẹ̀ níhìn-ín, a mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tí ọkàn rẹ̀ ń yọ̀ àti ẹni tí ìbànújẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Ìyá yìí ń ronú gbèsè ìgbìmọ̀, ó ń ronú àwọn tí ebi ń pa ní Pingtu, kò sì sí ohun tí ó lè ṣe mọ́. Pé ó ṣàìsàn kò bu iṣẹ́ ọdún 39 kù. Bóyá bí a bá ti mọ̀ pé ó ń ṣàárẹ̀, tí ẹnì kan tètè lọ wò ó, ì bá tún pẹ́ díẹ̀ sí i.

Wọ́n ní kí wọ́n gbé e lọ sílé, wọ́n sì fi nọ́ọ̀sì kan, Cynthia Miller, tì í. Ọkọ̀ òkun Manchuria ni wọ́n wọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ náà dúró ní èbúté Kobe ní ilẹ̀ Jàpáànì, ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ọdún 1912, tí ó jẹ́ àìsùn Kérésìmesì, Mísì Lottie Moon sùn nínú Olúwa. Ọjọ́ 12 ni ó fi lé ní ọdún 72. Wọ́n sun òkú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òfin ilẹ̀ Jàpáànì, wọ́n kó eérú rẹ̀ sínú àpótí kékeré lọ sí Virginia, ní oṣù Kìíní ọdún 1913 wọ́n sì sin ín ní ìlú Crewe, lẹ́gbẹ̀ẹ́ arákùnrin rẹ̀. Kò fi ọkọ sílẹ̀, kò fi ọmọ sílẹ̀, owó tí ó fi sílẹ̀ kò tó nǹkan.

Ní 1918, Annie Armstrong ni ó dá a lábàá pé kí wọ́n máa fi orúkọ Lottie Moon pe ọrẹ Kérésìmesì náà. Láti ìgbà náà títí di òní, ọdọọdún ni wọ́n ń dá a, àròpọ̀ rẹ̀ láti 1888 sì ti ju bílíọ̀nù 5 dọ́là lọ. Láti inú ọrẹ yìí ni ìgbìmọ̀ náà ti ń gbọ́ bùkátà àwọn míṣọ́nnárì tí wọ́n rán káàkiri ayé, títí kan àwọn tí wọ́n rán wá sí Nàìjíríà. Àwọn àgbà ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí ilé ìwòsàn Onítẹ̀bọmi tí Dókítà George Green bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní 1907, kí wọ́n mọ̀ pé nínú owó tí ó ń bọ́ àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì ọ̀hún, ti àwọn obìnrin Amẹ́ríkà tí ó dá ọrẹ ní ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì wà níbẹ̀.

Àwọn ará Tengchow kò dúró de Amẹ́ríkà kí wọ́n tó ṣe ìrántí tiwọn. Ní 1915, àwọn onígbàgbọ́ ìjọ ibẹ̀, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò rí jẹ tó, dáwó jọ, wọ́n gbẹ́ orúkọ rẹ̀ sára òkúta ní èdè Ṣáínà, wọ́n sì gbé e kalẹ̀ sí ilé ìjọsìn wọn, kí àwọn ọmọ tí a kò tíì bí lè mọ̀ pé obìnrin kan ti gbé láàárín wọn tí ó fẹ́ràn wọn.